Ọdún tí Mo Jẹ́ Àkànní

Odidi ọdún kan ni mo fi jẹ́ ọkùnrin, mo sì ṣe é dáadáa. Kẹ́ ẹ tó máa wojú ara yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: inú géèmù ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, èmi àti Dádì mi nìkan la sì ń gbé ní àjà kẹta ilé kan ní Barnfield Estate ní Woolwich, nílùú òyìnbó, torí pé Mọ́mì ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó láti lọ tọ́jú ìyá tiwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló di oṣù mẹ́ta, tí oṣù mẹ́ta sì ń gùn lójú wa títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọdún. Bí mo bá ń rántí ìgbà náà báyìí, témi náà ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, ìró ló máa ń kọ́kọ́ dé etí mi. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ará òkè tí wọ́n ń rìn lórí àjà wa bí ẹni ń gúnyán, mo máa ń gbọ́ líìfìtì tó ń kérora kó tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ fèrè àwọn sójà láti bárékè tó kọjú sí Woolwich Common, láwọn àárọ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ ni ìró ṣíbí Dádì nínú ìkòkò ògì. Wọ́n máa ń súfèé orin ìsìn tí wọ́n bá ń pò ó, wọ́n á sì súfèé gba àwọn ibi tí kò sí nínú orin náà rárá. Ògì wọn kì í ní kókó. Nínú gbogbo oúnjẹ tí Dádì mi mọ̀ ọ́n sè, ògì nìkan ló wà tí ẹnikẹ́ni ò lè bá wọn jiyàn lé lórí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Dádì. Iṣẹ́ àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Wọ́n á po ògì, wọ́n á bo abọ́ tèmi, wọ́n á sì ti jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá Tóyìn, aládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa, ló ń mú èmi àti Tóyìn lọ sílé ìwé. Tí a bá ṣíwọ́ lọ́sàn-án, Dádì á ti dúró sẹ́nu géètì nínú yúnífọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á ti gba ọjà Beresford Square kọjá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń ṣe dúdú dúdú lára, torí wọ́n gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ṣì ń dán ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ dòdò. Ọjọ́ Àìkú la máa ń se ọbẹ̀ tí a máa fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà, èmi ni mo ń fọ abọ́. Dádì ń gé àlùbọ́sà, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń sọ pé àlùbọ́sà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àlùbọ́sà nìkan. Ẹ̀bà wọn le bí òkúta, mo sì sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, torí láti kékeré lẹnu mi ti mú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí n dákẹ́, kí n ki ọwọ́ bọ inú fúláàsì wọn, kí n bá wọn fọ̀ ọ́.

Irun mi ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Mọ́mì ló máa ń bá mi dirí, nígbà tí wọ́n sì fi máa lo oṣù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, orí mi ti dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Dádì lọ bá Ìyá Tóyìn. Wọn ò ní kí Ìyá Tóyìn bá wọn di irun náà o. Wọ́n ní kí Ìyá Tóyìn kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń dì í. Ìyá Tóyìn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó sí. Dádì ra òwú dúdú, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n sì ń fi kọ́ṣẹ́. Màá jáde láti yàrá mi, màá bá bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àga, wọ́n ń pín òwú sí mẹ́ta, ahọ́n wọn yọ síta díẹ̀. Ṣùkú àkọ́kọ́ tí wọ́n dì fún mi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, àwọn ìyá ìjọ fọwọ́ bo ẹnu, ọ̀kan tiẹ̀ béèrè bóyá atẹ́gùn ló gbé e. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Dádì ní tiwọn bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n máa retí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lóòótọ́, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, wọ́n ti ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó gún régé, ọ̀kan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín sì mú ọmọ tiẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun dì í. Mo ti mọ ọkùnrin púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó lè gbà káwọn èèyàn fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́rin kí ọwọ́ rẹ̀ ṣáà lè mọ iṣẹ́ kan.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló fún wa ní ẹ̀rọ géèmù náà, torí ọmọ tiẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹ̀. Géèmù kan ṣoṣo ló bá a wá. Ó jẹ́ irú èyí tí wàá ti kọ́kọ́ dá èèyàn tìẹ: wàá yan bóyá akọ ni tàbí abo, wàá yan ojú, irun àti gíga, wàá sọ ọ́ lórúkọ, wàá wá rán an jáde sínú ilẹ̀ ńlá kan tó kún fún igbó, odò àti ẹranko burúkú. Àyè èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Dádì ní kí n kọ́kọ́ yan tèmi. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo yan ọkùnrin. Mo jẹ́ kó dúdú, mo jẹ́ kó yọkùn díẹ̀, mo fún un ní irùngbọ̀n kúkúrú, mo wá kọ orúkọ rẹ̀: AKANNI. Oríkì Dádì ni. Mọ́mì ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tí àárò wọn bá ń sọ ọ́, àti ìyá tó bí wọn nígbà tó wà láyé. Ọmọ wo ló máa la ẹnu pe bàbá rẹ̀ ní Àkànní nínú ilé Yorùbá? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n nínú géèmù mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n. Dádì wo orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ni Àkànní, mo ní orúkọ kan lásán ni. Wọ́n ní ó dáa, pé orúkọ gidi ni.

Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n yan obìnrin. Ẹnu yà mí, mo sì bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ọkùnrin lèmi náà yàn ni. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo irun tí géèmù náà ní fún obìnrin. Mẹ́rin ni, gbogbo rẹ̀ ló gùn tó ń fì bí ìrù ẹṣin. Kò sí ṣùkú níbẹ̀, kò sí kòlẹ́sẹ̀, kò sí irun kan tó ká. Wọ́n lọ síwájú, wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n ní irun ọmọ àwọn ò sí nínú èyí tí wọ́n kó wá yìí. Wọ́n bá kúkú fá orí obìnrin náà kodoro. Wọ́n kọ AJOKE sí i. Èmi ni Àjọkẹ́. Oríkì tí ìyá wọn fún mi lọ́jọ́ ìkómọjáde mi ni, Dádì nìkan ló sì ń fi pè mí, Fúnmi làwọn yòókù ń pè mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ irú géèmù yìí á mọ̀ pé ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Àkànní tèmi kò mọ̀ ju ìjà lọ. Á jáde láàárọ̀, á dojú kọ ìkookò, á kú. Màá tẹ bọ́tìnnì, á dìde, á tún lọ. Nígbà míì á ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ọbẹ̀ tó hó. Dádì ò lè wò ó. Nílé wa, a kì í so orúkọ èèyàn mọ́ ikú, kódà nínú eré, nítorí náà bí wọ́n bá ti rí i pé Àkànní fẹ́ ṣubú, wọ́n á kọjú sí fèrèsé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa òjò. Wọn ò bá mi wí rí. Wọ́n á kàn ní, “Tún un ṣe. Má sáré.” Ní ti Àjọkẹ́ tiwọn, kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báwo ló ṣe máa kú? Kò kúrò nílùú. Láti Kérésìmesì títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀, ìlú kékeré tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí. Ó ń ṣa ewé, ó ń se ọbẹ̀, ó ń kí àwọn àgbà ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ibi afárá tó wà lẹ́nu odò, tí ẹranko bá bú ramúramù lódìkejì, Dádì á yí i padà wálé. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín títí. Mo ní ṣé Àjọkẹ́ ò ní jáde láyé ni, wọ́n ní kò tíì jẹun. Tí mo bá ní ó ti jẹun, wọ́n á ní òtútù ń mú níta, kó lọ wá ẹ̀wù. Tó bá rí ẹ̀wù, wọ́n á ní ọ̀nà ti ń ṣú. Nígbà tó yá, ẹ̀wù ọrùn Àjọkẹ́ nípọn ju ti ọba ìlú náà lọ, kò sì tíì fojú kan ẹranko rí. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti fi ṣeré lọ́sàn-án náà kí wọ́n tó wá mú mi, torí ewé tó wà nínú àpò rẹ̀ á ti pọ̀ sí i.

Mọ́mì padà sọ́dọ̀ wa nígbà tó yá, Dádì sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Thamesmead lèmi ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe irú géèmù kan náà, obìnrin ló sì máa ń yàn ní gbogbo ìgbà. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wa nílé rí i, ó rọra bi mí bóyá kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ náà. Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, pé ẹ jẹ mọ́ín-mọ́ín yín. Bóyá mo le jù, àmọ́ inú bí mi. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọ ẹ̀wù ẹlòmíì ló fẹ́ gbé e lọ. Ẹlòmíì kàn fẹ́ mọ bí ẹ̀wù náà ṣe wúwo tó lára ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé sílé wa rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ni Àǹtí Rónkẹ́, Birmingham ni wọ́n ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, ilé wọn ní ọgbà lẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ti sọ̀rọ̀, ó ti di òfin nínú ẹbí. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pe Dádì, ohùn wọn á sì máa jáde látinú fóònù náà dé kíṣìnì tí mo ti ń fọ abọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé ọmọbìnrin tó ń lọ sí ọdún mọ́kànlá ò yẹ kó wà lọ́dọ̀ ọkùnrin nìkan, pé nǹkan obìnrin máa tó bẹ̀rẹ̀ lára mi, ta ló máa ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ṣé Dádì ni? Dádì á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbì kan. Àǹtí máa wá lásìkò ìsinmi Ọdún Àjíǹde, wọ́n máa wo ilé, wọ́n máa wo èmi náà. Tí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò, màá dúró. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá bá wọn lọ sí Birmingham títí Mọ́mì á fi dé, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí Mọ́mì máa dé. Mọ́mì ń sunkún lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ò mọ èwo ló dáa. Èmi mọ̀. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Èyí tó sì dẹ́rù bà mí jù ni pé mo gbọ́ tí Dádì ń sọ fún Ìyá Tóyìn lẹ́nu ọ̀nà pé ó lè jẹ́ òótọ́ ni Àǹtí ń sọ, ó lè jẹ́ torí ara àwọn nìkan làwọn ṣe di ọmọ mú.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Àǹtí Rónkẹ́ dé. Iṣẹ́ ọ̀sán ni Dádì ní lọ́jọ́ náà, wọ́n ti wọ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la ti fi gbálẹ̀ tí a fi nulẹ̀. Mo kúnlẹ̀, Dádì fọwọ́ kan ilẹ̀ báwọn ọkùnrin òde òní ṣe ń ṣe é, Àǹtí sì gbá mi mọ́ra. Wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n fi ìka tọ ojú ìlà irun mi. Wọ́n béèrè ẹni tó dì í. Mo ní Dádì ni. Wọ́n ní kí n má parọ́. Dádì ní òótọ́ ni, àwọn ni. Àǹtí tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ṣí fíríìjì, wọ́n wo ilé ìwẹ̀, wọ́n ṣí àpótí aṣọ mi. Nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n bá ohun tí èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: àwọn nǹkan tí obìnrin ń lò tó bá ń ṣe oṣù, Dádì ti rà á sílẹ̀ dè mí, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ nípa bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Àǹtí ka ìwé náà tán, wọ́n ká a, wọ́n dá a padà síbi tó wà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n tún bù sí i. Wọ́n ní, Bàbá Fúnmi, ẹ gbìyànjú. Mo mí kanlẹ̀.

Èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Inú mi ló dùn jù. Dádì ti padà sí kíṣìnì láti fọ abọ́, mo ní kí Àǹtí wá wo géèmù wa. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, Àkànní àti Àjọkẹ́ yọ sójú ẹ̀, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń dúró kéèyàn tó mú ọ̀kan. Àǹtí ka orúkọ wọn. Wọ́n tún un kà. Wọ́n bi mí pé ta ni ọkùnrin yìí, mo ní èmi ni. Wọ́n ní obìnrin yẹn ńkọ́, mo ní Dádì ni. Ìgbà tí wọ́n wo orí Àjọkẹ́ tí wọ́n fá kodoro ni ojú wọn yí padà. Ibi tí wọ́n ti tọ́ Àǹtí dàgbà, obìnrin kì í dédé fárí. Ọ̀fọ̀ ló ń fá a: ọkọ rẹ̀ kú, tàbí ẹni tó bí i kú. Ìyá Àǹtí sì wà lórí ìbùsùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí ọjọ́ kan tí ọkàn wọn kì í fò sókè tí fóònù bá dún. Wọ́n ké sí Dádì. Dádì sáré jáde tòun ti omi lọ́wọ́.

“Ìyá mi ò tíì kú, Bàbá Fúnmi. Ta lẹ fárí fún?”

Dádì ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní irun tó wà níbẹ̀ ò bá ti Fúnmi mu ni. Ọ̀rọ̀ náà ò yé Àǹtí, ta ló sì máa yé? Mo rò pé tí Àǹtí bá rí bí Àkànní ṣe lágbára tó, inú wọn á yọ́, mo bá tẹ bọ́tìnnì, mo rán an jáde. Ìkookò ò jẹ́ kó dé ibì kan. Ó ṣubú gbalaja níwájú Àǹtí, orúkọ bàbá mi sì wà lókè orí ẹ̀ gàdàgbà. Àǹtí fọwọ́ bojú. Nígbà tí wọ́n mú ọwọ́ kúrò, wọn ò pariwo. Ì bá sàn tí wọ́n bá pariwo.

“Ọmọ ń ṣe bàbá, bàbá ń ṣe ọmọ,” wọ́n ní. “Ta ló wá ń ṣe ìyá nínú ilé yìí?”

Mo dúró kí Dádì dáhùn. Mo retí kí wọ́n sọ nípa irun, nípa ọbẹ̀, nípa ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Wọ́n nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ wọn, wọ́n wolẹ̀, wọ́n wá ní kí n lọ mú báàgì mi. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo kórìíra wọn ní ìṣẹ́jú yẹn, torí ó jọ lójú mi pé wọ́n jọ̀wọ́ mi láìjà rárá. Mi ò tíì bímọ nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ jù ló máa ń tètè gbà pé òun ò tó fún un. Mi ò lọ mú báàgì. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo di páàdì géèmù náà mú, omijé ń bọ́ lé e. Àǹtí sún mọ́ mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ohùn wọn sì ti rọ̀. Wọ́n bi mí kí ló dé tí mo fi yan ọkùnrin, ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá mi ò tẹ́ mi lọ́rùn ni.

“Mi ò fẹ́ di ọkùnrin,” mo ní. “Dádì ni mo fẹ́ jẹ́. Tí wọ́n bá jáde láàárọ̀, mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Níbí, mo lè tẹ̀ lé wọn. Tí wọ́n bá ṣubú, èmi ni mo máa ń gbé wọn dìde.”

Kí n tó sọ ọ́ jáde, èmi gan-an ò mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Dádì, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè. Wọ́n ní tí àwọn bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ku wákàtí méjì kí ilé ìwé tó ṣíwọ́, ilé máa ń dákẹ́ jù. Wọ́n ní àwọn á jókòó, àwọn á mú Àjọkẹ́, àwọn á jọ máa rìn káàkiri ìlú kékeré yẹn títí àkókò á fi tó láti wá mú èmi gan-an. Wọ́n ní ìdí tí àwọn ò ṣe jẹ́ kó kọjá afárá nìyẹn, àwọn ò mọ bí àwọn á ṣe ṣe é tó bá lọ. Mi ò gbọ́ kí Dádì mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ níwájú Àǹtí rí.

Wọ́n wá rìn dé iwájú Àǹtí, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ìfọwọ́kanlẹ̀ tàárọ̀. Gbalaja ni, tàyàtàyà, àyà wọn kan kápẹ́ẹ̀tì, nínú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́, bí ọkọ ìyàwó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna lọ́jọ́ tó wá tọrọ ọmọ wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Ẹ má bínú sí mi. Fúnmi ò ní bá yín lọ.”

Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó sọ “rárá” fún Àǹtí Rónkẹ́ tó sì mú un jẹ. Ilẹ̀ ni bàbá mi ti sọ ọ́. Kò sí àfojúdi kankan nínú ẹ̀ tí èèyàn lè dì mú, kò sì sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà kọjá. Àǹtí ní kí wọ́n dìde. Ẹ sì mọ àṣà wa: tí àgbà bá ti ní kí o dìde, o máa dìde ni. Dádì ò dìde. Àǹtí tún sọ ọ́, wọ́n ní, Bàbá Fúnmi, ẹ dìde, ẹ máa pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Dádì ò dìde. Àǹtí wo ẹ̀yìn wọn tó gbòòrò lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi etí gèlè nu ojú wọn, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Fúnmi,” wọ́n ní, “gbé bàbá ẹ dìde.”

Mo fi páàdì sílẹ̀, mo lọ di ọwọ́ wọn mú. Ó ṣì tutù látinú omi abọ́. Wọ́n wúwo. Mo fi gbogbo agbára mi fà wọ́n, wọ́n sì dìde.